Bàbá Mọlémọlé Sọ Ohun Tó Pa Òkú

Ọjọ́ Àìkú ni, agogo mẹ́jọ àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago náà dá mi lójú nítorí èmi ni mo mú fóònù lórí tábìlì, mo sì wo ojú rẹ̀ kí n tó gbé e fún Bàbá. Ọyẹ́ ti bo Jikwoyi débi pé a ò rí òpó iná tó wà níwájú ilé. Àbúrò Ọnọ́rébù kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa ló pè. Ó ní bàbá àwọn ti kú, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa wọ́n, kí Bàbá jọ̀ọ́ kó àwọn èèyàn wọn wá wẹ òkú kí oòrùn tó mú.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o," ni Bàbá wí. "Ọlọ́run á forí jìn wọ́n. À ń bọ̀."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, Bàbá náà kú.

Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Àwọn ọmọ wọn ti kọ ìyẹn sínú ìwé pélébé tí a pín níbi àdúrà, wọ́n sì kọ ọ́ bíi pé Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Irọ́ ni. Bàbá jà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n kọ ohun tí mo rí, kí n ya ohun tí mo gbọ́ sọ́tọ̀, kí n sì sọ èyí tí mi ò mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo sọ ìyẹn síta kí ẹni tó bá ń kà á lè fi í kún ohun tó máa wọ̀n.

Bàbá ló bí ìyá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá. Iṣẹ́ mọlémọlé ló gbé wọn dé Àbújá nígbà tí ọ̀pọ̀ ibi tó di títì lónìí ṣì jẹ́ igbó. Wọ́n mọ ilé ní Wuye, wọ́n mọ ní Maitama, yàrá méjì ni àwọn fúnra wọn sì ń gbé ní Jikwoyi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà lẹ́yìn tí mo sin ìlú tán, tí mò ń wá iṣẹ́. Bàbá kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni kí wọ́n má fi ojú wọn ògiri. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gba omi, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á ní, "Igun yẹn ò dúró." Nígbà tí àbúrò mi obìnrin mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá kí wọn, tí ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó ń ka ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó máa ṣe fún ìdílé wa, Bàbá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Àyìnkẹ́, ẹnu kì í gbé ògiri ró. Jẹ́ ká wo búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ná."

Iṣẹ́ kejì tí Bàbá ń ṣe, nítorí Ọlọ́run, ni wíwẹ òkú. Láàárín àwa Yorùbá Mùsùlùmí ní àdúgbò wa, bí ọkùnrin bá kú, àwọn mẹ́ta là ń pè: Bàbá, Àfáà Súlè tó ń ránṣọ, àti Múfútàù tó ń lẹ táìlì. Ọ̀rẹ́ Bàbá ni Àfáà Súlè. Inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun kí wọ́n tó bí mi. Níbi iṣẹ́ náà, Àfáà ló ń da omi, Bàbá ló ń fi aṣọ wé ọwọ́ láti wẹ ara òkú, Múfútàù ló ń yí òkú. Ìlànà méjì ni wọ́n dì mú. Ohun tí o bá rí lára òkú, ibẹ̀ lo fi í sí. Ìkejì kò sí nínú ìwé kankan, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ilé wọn ni wọ́n ti gbà á: a kì í bi olókùú ní ohun tó pa òkú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá kọ́kọ́ sọ, ìyẹn náà nìyẹn. Mo bi Bàbá nígbà kan pé, bí olókùú bá purọ́ ńkọ́? Inú bí wọn sí mi gidi. "Ta ló máa ń fi òkú bàbá rẹ̀ purọ́?"

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọlọ́gbọ́n tó mọ ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí kòrónà kọ́kọ́ dé, Bàbá kò gbà pé ó wà. Wọ́n ní àrùn àwọn tó ń wọ bàálù ni. Ìjánu ni wọ́n ń pe ìbòmú. Ìjà tí a jà lórí rẹ̀ kò lóǹkà. Mo máa fi ohun tí mo kà hàn wọ́n, wọ́n á ní bí ìwé bá ti pọ̀ jù lójú èèyàn, kì í rí ẹnu ọ̀nà mọ́. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ọkùnrin méjì tí Bàbá mọ̀ ní Mpape, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kú tẹ̀léra wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ìbòmú lójú Bàbá. Wọn ò sọ pé àwọn ṣì í. Wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni, "Ìjánu dáa fún ẹṣin tó bá fẹ́ pẹ́."

Ìbòmú yìí kan náà ló fa ìjókòó orí ilẹ̀. Ní ìkóríta tó jáde sí ọ̀nà Nyanya, àwọn kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ń dá ọkọ̀ dúró. Bàbá ti fa ìbòmú sí àgbọ̀n nítorí wọ́n ń mu omi inú ọ̀rá lọ́wọ́. Ọkùnrin tó fà wọ́n lápá sọ̀kalẹ̀ kò bo imú tirẹ̀. Mo wà nínú ọkọ̀ náà, mo rí i. Ó ní kí Bàbá lọ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, orúnkún kan orúnkún, nítorí òfin tó ní kí èèyàn jìnnà síra. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la lò níbẹ̀. Láàárín àkókò náà, ọkọ̀ dúdú mẹ́ta tò tẹ̀léra kọjá, fèrèsé wọn ṣí sílẹ̀, àwọn tó wà nínú wọn ń rẹ́rìn-ín, eyín gbogbo wọn hàn. Ọkùnrin tó mú Bàbá na ara ró, ó kí wọn bíi sójà. Ọkùnrin Hausa kan tó jókòó ti Bàbá mirí, ó fi èdè rẹ̀ bá wọn kẹ́dùn. "Kai, Baba. Sànnu fa."

"Yauwa," ni Bàbá dá a lóhùn. Wọ́n wá fi Yorùbá sọ fún mi pé, "Òfin tí kò mọ ọ̀nà ilé ọlọ́lá, pàṣán ni, kì í ṣe òfin."

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí Ọnọ́rébù jẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní ipò nínú ìṣèlú, ọmọ ẹgbẹ́ ìlú wa ni, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní èdè Yorùbá: ẹ gbélé yín, ẹ má kóra jọ, ẹ dáàbò bo àwọn àgbà. Ọ̀rọ̀ náà dára. Mo tẹ́tí sí i, mi ò rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Ọnọ́rébù kan náà ló kó oúnjẹ ìrànwọ́ wá sí pápá ilé ìwé tó wà nítòsí wa, tó pe gbogbo àdúgbò jáde, tó dúró lórí pèpéle kí wọ́n lè yà á ní fọ́tò bí àwọn obìnrin ṣe ń ti ara wọn ṣubú nísàlẹ̀. Ìyá Ṣàkírà, tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, padà dé pẹ̀lú ìrẹsì díẹ̀ nínú ọ̀rá àti bùbá tó ti ya léjìká.

"Bàbá, ẹ ò lọ gba tiyín? Wọ́n ní kí àwọn àgbà bọ́ síwájú o!"

"Ẹni tó ní kí n jókòó sílé ló tún ń fi ìrẹsì pè mí jáde," ni Bàbá wí. "Èwo ni kí n gbọ́ níbẹ̀?"

Síbẹ̀, nígbà tí bàbá Ọnọ́rébù kú, Bàbá lọ. Òkú kì í ṣòṣèlú, wọ́n ní.

Mi ò sí níbi tí wọ́n ti wẹ òkú. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu Bàbá ni mo ti gbọ́ ọ, mo tún lọ bi Múfútàù lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sì bára mu. Wọ́n ní Ọnọ́rébù dúró sí ẹnu géètì, ìbòmú méjì lórí ara wọn, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìlú wa, àkọ́bí ọkùnrin ló máa ń da igbá omi àkọ́kọ́ lé òkú bàbá rẹ̀. Bàbá na igbá sí i. Ó ní, "Ẹ máa ṣe é lọ, Bàbá. Ara mi ò gbà á." Múfútàù ní Bàbá dúró, wọ́n ń wo Ọnọ́rébù bí wọ́n ṣe máa ń wo ògiri. Àfáà Súlè sọ fún Bàbá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ràájì, ọmọ yìí mà dúró jìnnà o."

"Ọ̀fọ̀ ni," ni Bàbá wí. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Omi ta sí ìbòmú wọn, ó rin, wọ́n yọ ọ́ sọnù. Olókùú ti sọ ohun tó pa òkú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹni tó máa bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ ni àṣìṣe Bàbá wà. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, mi ò lè fún un ní orúkọ mìíràn.

Lọ́sàn-án, mo lọ mú Bàbá wálé. Mo fi ojú mi rí kánópì, mo rí ìkòkò, mo rí èrò tó kún títí dé títì. Ìyá Ṣàkírà wà lára àwọn tó ń dáná.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Wàídì tó ń wa ọkọ̀ Ọnọ́rébù wá sílé wa. Ọmọ Ìlọrin ni, Bàbá ló bá a wá iṣẹ́ náà. Mo gbé àga fún un.

"Ẹ má jẹ́ n jókòó. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lórí ìdúró." Ó ní òun ni òun gbé bàbá Ọnọ́rébù lọ sílé ìwòsàn. Òun náà ni wọ́n rán lọ gba èsì àyẹ̀wò ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú. Ẹ̀rù ara òun ba òun, òun sì ya ìwé náà ní fọ́tò. Ó na fóònù rẹ̀ síta.

"Àyìnkẹ́, kà á," ni Bàbá wí.

Mo kà á. Orúkọ òkú wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni. Ó kọ ọ́ pé kòrónà wà lára rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé fọ́tò ni mo rí, mi ò rí ìwé náà gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti bi ara mi ní èrè tí Wàídì máa jẹ tó bá ṣe ayédèrú rẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà.

"Ọ̀gá ẹ rí i?"

"Ọwọ́ wọn ni mo fi lé, Bàbá. Wọ́n kà á lójú mi. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé."

Àìsàn ti dá Àfáà Súlè dùbúlẹ̀ láti àná. "Tún un kà," ni Bàbá wí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n pe Ọnọ́rébù, kí n jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ọmọ mi, kí ló pa bàbá yín?"

"Háà, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ wa ní ìlànà yẹn? A kì í bèèrè lẹ́ẹ̀mejì."

"Mò ń bèèrè."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ jẹ́ kí òkú sùn, Bàbá. Mo máa rán èèyàn sí yín."

Bàbá fi ọwọ́ sọ fún mi pé kí n pa fóònù. "Ó mọ̀ pé a ò ní bèèrè," ni wọ́n wí. "Nítorí ẹ̀ ló ṣe pè wá."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá wọ jàlàmíà funfun, wọ́n fi ìbòmú méjì bo imú, wọn ò sì wọ mọ́sáláásí. Wọ́n dúró sí òdìkejì títì lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹgbẹ́ fi ń jí wa sí sààrì nínú Ràmàdáánì dání. Wọ́n ní kí n má súnmọ́ àwọn. Bí èrò ṣe ń tú jáde, wọ́n tan ẹ̀rọ náà.

"Ẹ dúró ná. Èmi Ràájì mọlémọlé ni. Èmi ni mo wẹ bàbá Ọnọ́rébù. Kòrónà ló pa wọ́n. Àfáà Súlè ti dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá wọ ilé yẹn lọ́jọ́ Àìkú, ìbáà ṣe àdúrà ló bá lọ, ìbáà ṣe oúnjẹ, kó gbélé rẹ̀, kó jìnnà sí arúgbó."

Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé sààrì ti dé ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ọnọ́rébù pariwo pé, "Àgbàyà! Ẹ̀ ń tú àṣírí òkú!"

Àlùfáà kan rọra jáde láàárín wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n pẹ̀lẹ́. "Bàbá Ràájì, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹni tó bá wẹ òkú, tó bo ohun tó rí, Ọlọ́run á bo tirẹ̀."

"Àlùfáà, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má súnmọ́ mi. Àlébù òkú ni wọ́n ní ká bò. Àìsàn kì í ṣe àlébù. Irọ́ ni àlébù, irọ́ náà kì í sì í ṣe ti òkú."

Ọmọ ẹ̀yìn Ọnọ́rébù sọdá títì, ó fẹ́ já ẹ̀rọ náà gbà. Bàbá nà án sí i. "Gbà á. Ọwọ́ tí mo fi wẹ òkú ni mo fi dì í mú." Ọmọkùnrin náà dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Mo rí Ìyá Ṣàkírà láàárín àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ìborùn bo ẹnu, ó yí padà, ó ń yára lọ. Mi ò mọ ibi tó ń lọ.

Ohun tó tẹ̀lé e kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹgbẹ́ ìlú wa kọ lẹ́tà pé kí Bàbá má wẹ òkú mọ́. Ọnọ́rébù bọ́ sórí rédíò, ó ní àwọn àgbà kan ń gbé ìròyìn èké kiri, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ dáàbò bo àwọn àgbà. Àfáà Súlè kú ní ọjọ́ Ajé. Ara Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní àwọn ò ní bẹ́ẹ̀dì. Èkejì ní kí a mú èsì àyẹ̀wò wá kí àwọn tó lè gbà wọ́n. Wọ́n fi òwú gba nǹkan nínú imú Bàbá, wọ́n ní kí a máa retí. A retí. Nígbà tí èémí Bàbá wá le, ilé ìwòsàn kejì yìí gbà wọ́n sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nọ́ọ̀sì kan sì fún mi ní àga tirẹ̀. Àwọn èèyàn ní Ọnọ́rébù ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú ilé rẹ̀ lásìkò náà. Mi ò rí i, nítorí náà mi ò lè fi ẹ̀rí gbè é. Èsì àyẹ̀wò Bàbá kò tíì dé títí di ìsinsìnyí. Mi ò lè sọ pé kòrónà ló pa wọ́n. Mo lè sọ pé ẹnìkan ka ìwé kan ní ọjọ́ Sátidé, ó ká a sápò, ó sì jẹ́ kí wọ́n pe àwọn arúgbó méjì ní ọjọ́ Àìkú láti wá fi ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́ wẹ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ súnmọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú tí wọ́n kú, Bàbá bi mí ní ìbéèrè kan. Èémí wọn kò tó gbólóhùn gígùn mọ́.

"Wọ́n gbọ́?"

"Wọ́n gbọ́, Bàbá," ni mo wí. Mi ò mọ̀. Mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ láti ilé dé ilé, mò ń bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn ò dé ilé Ọnọ́rébù lọ́jọ́ náà, títí kan àwọn tí mo fi ojú mi rí lábẹ́ kánópì. Ọkùnrin kan ní òun gbélé ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó rẹ̀ fi ojú sọ fún mi pé irọ́ ni. Mi ò kà á mọ́ àwọn tó gbọ́. Ìyá Ṣàkírà sọ tirẹ̀ láìjẹ́ pé mo bi í: láti mọ́sáláásí ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ló ti gba ìsọ̀ rẹ̀ lọ, kò wọ yàrá tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń sùn. Láàárín páálí ọṣẹ ló tẹ́ ẹní sí. Ó wúkọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣàkírà ọmọ rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà. Mo bi Ṣàkírà lọ́tọ̀; ohun kan náà ló sọ. Mo lọ wo ibi tí ẹní náà wà.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sẹ́yìn ilé láti wo ìyá rẹ̀. Ìyá Ìyá Ṣàkírà jókòó sórí àpótí nínú oòrùn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ikọ́ kò mú wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo jókòó ti ara wọn, mo bá wọn mú díẹ̀ nínú ẹ̀gúsí náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní mò ń fọ́ ẹ̀gúsí àwọn, kí n dìde níbẹ̀.